Charles Houston, Ọ̀gá Bàtà Irin ti Ilé-Ẹ̀kọ́ Òfin Howard

Mo mọ̀ pé tí abala ìtàn ìgbésí ayé bá kàn nínú ìwé ìròyìn wa, Bíṣọ́ọ̀bù Àjàyí Crowther tàbí Fágúnwà ni ẹ máa ń retí. Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ lónìí. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kò kọ gírámà èdè kankan, kò sì kọ ìtàn àròsọ. Agbẹjọ́rò ni, aláwọ̀ dúdú ọmọ Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe nígbà tó jáde ní yunifásítì, ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ tiwa níbí ló wà: ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Charles Hamilton Houston ni orúkọ rẹ̀. Bí ẹ bá ti gbọ́ orúkọ Thurgood Marshall rí, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó di adájọ́ ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Amẹ́ríkà, Houston ni olùkọ́ rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó mọ orúkọ Houston, nítorí àwọn ẹjọ́ tó jà ni wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n. Ní tèmi, ohun tó fà mí mọ́ra ni pé ọkùnrin yìí mọ ohun tí a fi ń gbé ilé-ẹ̀kọ́ ró. Ó mọ irú olùkọ́ tó yẹ kó wà níbẹ̀, ó mọ bí láíbìrì ibẹ̀ ṣe yẹ kó rí, ó mọ kọ́ọ̀sì tí kò gbọdọ̀ ṣàìsí. Ó fi ọdún mẹ́fà tún ilé-ẹ̀kọ́ òfin kan tò. Lẹ́yìn náà ló gbé ìmọ̀ yẹn lọ sí ilé ẹjọ́, tó fi ń bi àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ ní ìbéèrè tí wọn kò rí dáhùn.

Ìlú Washington ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1895. Òun nìkan ni ọmọ tí àwọn òbí rẹ̀ bí. Bàbá bàbá rẹ̀ ti jẹ́ ẹrú rí, ó sá kúrò lóko ẹrú, ó sì di oníwàásù. Ìyá rẹ̀, Mary, ti ṣe iṣẹ́ olùkọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe irun fún àwọn obìnrin ọlọ́lá. Bàbá rẹ̀, William, jẹ́ akọ̀wé ní ọ́fíìsì ìjọba. Tó bá ṣiṣẹ́ tán lójúmọmọ, á gba ilé-ẹ̀kọ́ òfin Howard lọ ní ìrọ̀lẹ́, ibẹ̀ ló sì ti gba oyè tó sọ ọ́ di agbẹjọ́rò. Ẹ fi ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́ yìí sọ́kàn, nítorí a ó tún bá a pàdé níwájú.

Orí ọmọ náà pé. Ní 1911 ó wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì Amherst ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, òun nìkan sì ni aláwọ̀ dúdú láàárín àwọn tí wọ́n jọ jáde ní 1915. Ọmọ ọdún 19 ni nígbà yẹn, ó sì wà lára àwọn tó ṣe dáadáa jù nínú ìdìpọ̀ wọn. Ó padà sí Washington, ó fi ọdún méjì kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì ní Yunifásítì Howard. Bóyá ibẹ̀ ni ì bá dúró sí, tó bá jẹ́ pé ogun kò dé.

Ní 1917, Amẹ́ríkà wọ Ogun Àgbáyé Kìíní. Houston lọ sí àgọ́ Fort Des Moines, ní ìpínlẹ̀ Iowa, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú tí yóò di ọ̀gá nínú iṣẹ́ ológun. Ó di lẹ́fútẹ́náǹtì, wọ́n sì rán an lọ sí ilẹ̀ Faransé. Ohun tí ojú rẹ̀ rí nínú iṣẹ́ ológun kì í ṣe kékeré. Wọ́n yàn án láti máa ṣe agbẹjọ́rò nínú ẹjọ́ àwọn ọmọ ogun nígbà tí kò tíì kọ́ òfin, ó sì rí i bí wọ́n ṣe ń fìyà jẹ ọmọ ogun aláwọ̀ dúdú lórí ohun tí kò ní ẹ̀rí. Ní Faransé, àwọn ọmọ ogun aláwọ̀ funfun, ọmọ Amẹ́ríkà bíi tirẹ̀, dá òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dúró ní alẹ́ ọjọ́ kan, díẹ̀ ló kù kí wọ́n pa wọ́n. Aṣọ ológun kan náà ló wà lọ́rùn gbogbo wọn o. Ibẹ̀ ló ti pinnu pé tí òun bá padà délé láàyè, òfin lòun yóò kọ́, òun yóò sì fi gbèjà àwọn tí kò lè gbèjà ara wọn.

Ó délé ní 1919, ọdún tí àwọn èrò kéèyàn ń kọlu àwọn aláwọ̀ dúdú káàkiri àwọn ìlú Amẹ́ríkà, Washington náà kò sì gbẹ́yìn. Ọdún yẹn náà ló wọ ilé-ẹ̀kọ́ òfin Harvard. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó wà nínú ìgbìmọ̀ olóòtú ìwé ìròyìn òfin wọn, Harvard Law Review. Ó gba oyè àkọ́kọ́ ní òfin ní 1922, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní 1923, ó sì tún lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní Madrid ní ilẹ̀ Sípéènì. Ní 1924 ó padà sílé, ó bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì agbẹjọ́rò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni ní ilé-ẹ̀kọ́ òfin Howard. Báyìí ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ gan-an bẹ̀rẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ òfin Howard ti wà láti 1869. John Mercer Langston ni díìnì rẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ òfin kò fẹ́ rí aláwọ̀ dúdú sójú, ilẹ̀kùn ibẹ̀ ṣí sílẹ̀, nítorí náà ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ agbẹjọ́rò aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ti jáde. Ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́. Àwọn olùkọ́ jẹ́ adájọ́ àti agbẹjọ́rò tí wọ́n ń yà síbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ òòjọ́ wọn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ jẹ́ akọ̀wé, òṣìṣẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, agbáwo, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin, tí wọ́n ti rẹ̀ kí wọ́n tó jókòó. Àwọn ẹgbẹ́ tí ń fọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ òfin ní Amẹ́ríkà kò ka ibẹ̀ sí.

Mordecai Johnson, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó ṣe olórí yunifásítì náà, gorí oyè ní 1926. Wọ́n ní Louis Brandeis, adájọ́ kan ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, bá a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: pé tí àwọn adájọ́ bá ń ka ìwé ẹjọ́ tí àwọn agbẹjọ́rò aláwọ̀ dúdú kọ, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n máa ń dá a mọ̀ nítorí pé iṣẹ́ ibẹ̀ kò múná dóko, àti pé kó lọ wá olùkọ́ tí iṣẹ́ ìkọ́ni nìkan yóò jẹ́ iṣẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ náà korò. Houston fúnra rẹ̀ ti ṣe ìwádìí nípa àwọn agbẹjọ́rò aláwọ̀ dúdú ní ìparí àwọn ọdún 1920, ohun tó rí sì bà á nínú jẹ́: ní ìhà gúúsù, níbi tí ìyà ti pọ̀ jù, agbẹjọ́rò aláwọ̀ dúdú tó mọṣẹ́ dunjú ṣọ̀wọ́n bí ojú. Àárín ìgbà yẹn náà ni ikọ́ ife dá a dúbúlẹ̀, tó fi ní láti fi iṣẹ́ sílẹ̀ fúngbà díẹ̀.

Ní 1929 wọ́n fi Houston ṣe igbákejì díìnì. Orúkọ igbákejì ni wọ́n fún un, ṣùgbọ́n òun gan-an ló ń darí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ohun ńlá àkọ́kọ́ tó ṣe ni pé ó fòpin sí ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́. Láti 1930, ẹni tó bá fẹ́ kọ́ òfin ní Howard ní láti wá lójúmọmọ, kó sì fi gbogbo àkókò rẹ̀ sí i.

Mo fẹ́ ká dúró díẹ̀ níbí, nítorí àwọn tó ń yin Houston máa ń sáré kọjá ibẹ̀. Ilẹ̀kùn tí bàbá rẹ̀ gbà wọlé ni ọmọ tì. Ká ní òfin Houston ti wà nígbà èwe William, akọ̀wé ni ì bá kú sí, ta ni yóò sì rán Charles lọ sí Amherst? Àwọn tó ti jáde ní Howard bínú. Wọ́n ní ṣé kí òtòṣì má kẹ́kọ̀ọ́ mọ́ ni? Wọ́n ní bí a bá ń gún iyán nínú odó, tí a ń se ọbẹ̀ nínú èèpo ẹ̀pà, ẹni máa yó á yó. Àwọn náà fi ìrọ̀lẹ́ kọ́ ọ, wọ́n sì ń jẹun nídìí rẹ̀. Lóòótọ́ ni iye akẹ́kọ̀ọ́ já wálẹ̀ lẹ́yìn ìpinnu náà. Ìyá tó bí mi fi àkókò ìsinmi ọdún mẹ́rin kẹ́kọ̀ọ́ sáńwíìsì kó tó gboyè, nítorí olùkọ́ ni, kò sì sí ẹni tí yóò bá a bọ́ wa tó bá fi iṣẹ́ sílẹ̀. Torí náà n kò lè fi ẹnu gbígbẹ kan sáárá sí ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́. Ṣùgbọ́n mo rí ohun tí Houston ń wò. Agbẹjọ́rò tí yóò bá ìpínlẹ̀ kan já a nílé ẹjọ́, níwájú adájọ́ tó ti kórìíra rẹ̀ kó tó lanu, àṣìṣe kékeré kan lè gba ẹ̀mí oníbàárà rẹ̀. Kì í ṣe iye agbẹjọ́rò ló ká a lára. Irú èyí tí yóò jáde ló ń rò. Ó máa ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pé agbẹjọ́rò tí kò bá fi òfin tún àwùjọ ṣe, kòkòrò afàyà-fàmújẹ lásán ni lára àwùjọ náà.

Lẹ́yìn èyí ló kojú sí àwọn olùkọ́. Ó dín àwọn tó ń yà wá lẹ́yìn iṣẹ́ kù, ó sì ń wá àwọn tí yóò wà níbẹ̀ láràárọ̀. William Hastie, mọ̀lẹ́bí rẹ̀, tí òun náà jáde ní Harvard, dé ní 1930. Leon Ransom dé láti ìpínlẹ̀ Ohio. Ọ̀dọ́ ni wọ́n, orí wọn sì mú bí abẹ. Hastie yìí kan náà ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó di adájọ́ ìjọba àpapọ̀ lẹ́yìn náà, ní 1937. Àwọn àlejò náà ń wá kọ́ni lóòrèkóòrè: Roscoe Pound, díìnì òfin Harvard, wá, Clarence Darrow, agbẹjọ́rò tí òkìkí rẹ̀ kàn jù ní Amẹ́ríkà nígbà náà, wá. Ẹ ronú sí i: ọmọ tí yunifásítì ìpínlẹ̀ rẹ̀ kò gbà wọlé torí àwọ̀ ara rẹ̀, tó jókòó tí Darrow ń kọ́ ọ bí a ṣe ń bá ìgbìmọ̀ onídàájọ́ sọ̀rọ̀.

Àwọn òǹkọ̀wé kì í sábà ka òṣìṣẹ́ láíbìrì sí, ṣùgbọ́n èmi ò ní fò wọ́n. A. Mercer Daniel ni olùtọ́jú láíbìrì òfin ní Howard, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pe láíbìrì náà nígbà kan rí. Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ iṣẹ́ àpilẹ̀kọ rí mọ ohun tí olùtọ́jú ìwé tó mọ ibi tí nǹkan wà lè ṣe fún ọmọ ènìyàn. Nínú ẹ̀kọ́ òfin, ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí ìdájọ́ àtijọ́ ni irinṣẹ́: ẹni tí kò rí ìwé kò ní ọ̀rọ̀ láti sọ. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kò tóbi. Ilé kan ní Fifth Street ni, nítòsí àwọn ilé ẹjọ́ Washington.

Ní ti àwọn kọ́ọ̀sì, ẹ má rò pé òfin àwọn aláwọ̀ dúdú ni wọ́n ń kọ́ láràárọ̀. Àwọn kọ́ọ̀sì tí akẹ́kọ̀ọ́ òfin ń ṣe níbi gbogbo ní Amẹ́ríkà ni: òfin àdéhùn, òfin ilẹ̀ àti dúkìá, òfin ìwà ọ̀daràn, òfin ẹ̀rí, òfin ìpìlẹ̀ orílẹ̀-èdè. Houston kò gbà pé kí wọ́n fi àánú bu omi là á. Ohun tó yàtọ̀ ni ibi tí ó ń darí rẹ̀ sí. Tí wọ́n bá ń kọ́ òfin ìpìlẹ̀, àwọn àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí i lẹ́yìn tí oko ẹrú parí ni yóò máa tú palẹ̀: kí ni ọ̀rọ̀ náà sọ, kí ni àwọn adájọ́ ní ó sọ, ibo ni àyè wà láti fi tún un jà? Àwa tí a ń ṣe ẹ̀kọ́ ìtumọ̀ mọ irú iṣẹ́ yẹn dáadáa. Ó tún ń kó wọn lọ sí ilé ẹjọ́ àti ọgbà ẹ̀wọ̀n, kí wọ́n lè fi ojú ara wọn rí ibi tí òfin ti ń bá ènìyàn. Irúgbìn tó gbìn yìí ló hù ní 1938, nígbà tí James Nabrit, tó dé lẹ́yìn tí Houston ti lọ, bẹ̀rẹ̀ kọ́ọ̀sì lórí ẹ̀tọ́ aráàlú ní Howard, irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ òfin ní Amẹ́ríkà.

Ìkà ni nínú kíláàsì, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kò sì purọ́ mọ́ ọn. Bàtà Irin ni ọ̀kan nínú orúkọ ìnagijẹ tí wọ́n fún un. Kì í gba àwáwí. Tó bá fún ọ ní iṣẹ́ tí o kò ṣe é, kò fẹ́ gbọ́ pé ọkọ̀ dá ọ dúró tàbí pé ara rẹ kò yá, torí adájọ́ kò ní fẹ́ gbọ́ ọ. Ó kìlọ̀ fún àwọn tuntun pé kí wọ́n wo ẹni tó jókòó lọ́tùn-ún àti lósì wọn, pé kò dájú pé wọn yóò jọ bá ara wọn débi ìparí. Kò parọ́: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wọlé ní 1930 kò sí níbẹ̀ mọ́ nígbà tó di 1933.

Ọ̀kan nínú àwọn tó kù ni Thurgood Marshall. Ọmọ Baltimore ni, yunifásítì ìpínlẹ̀ rẹ̀, Maryland, kì í gba aláwọ̀ dúdú sí ilé-ẹ̀kọ́ òfin. Ìyá rẹ̀ fi òrùka ìgbéyàwó rẹ̀ dógò kí owó ilé-ẹ̀kọ́ lè pé. Láàárọ̀ kùtù, Marshall á wọ ọkọ̀ ojú irin láti Baltimore lọ sí Washington, alẹ́ ni á sì padà. Nígbà tí wọ́n rí i pé ó ṣe dáadáa jù ní ọdún àkọ́kọ́, wọ́n fún un níṣẹ́ ní láíbìrì, ibẹ̀ ni òun àti Houston ti mọwọ́ ara wọn. Òun ló ṣe ipò kìíní ní 1933, Oliver Hill, ọ̀rẹ́ rẹ̀, sì tẹ̀lé e.

Kó tó di ìgbà náà, ìwé ìfọwọ́sí ti dé. Ní 1931, ẹgbẹ́ àwọn agbẹjọ́rò Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà, ẹgbẹ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ òfin sì gbà á wọlé lọ́dún kan náà. Ọdún méjì péré ni Houston fi ṣe é. Gbogbo wa la mọ bí ìgbà àwọn aṣèbẹ̀wò akirẹditéṣọ̀n ṣe máa ń rí ní ọ̀pọ̀ yunifásítì: ọ̀dà tuntun lára ògiri, àga tí ẹnikẹ́ni kò rí rí, ìwé tó dé láàárọ̀ tó sì lọ lálẹ́. Ohun tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn yìí ni pé ní Howard, àwọn olùkọ́ náà ṣì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ kejì.

Kíláàsì àti ilé ẹjọ́ kò jìnnà síra wọn lójú rẹ̀. Ní 1933, wọ́n mú aláwọ̀ dúdú kan, George Crawford, fún ẹ̀sùn pé ó pa obìnrin aláwọ̀ funfun méjì ní ìpínlẹ̀ Virginia. Houston kó agbẹjọ́rò aláwọ̀ dúdú nìkan jọ, Ransom wà nínú wọn, Marshall sì bá wọn ṣe ìwádìí. Aláwọ̀ dúdú kankan kò sí nínú ìgbìmọ̀ onídàájọ́. Wọ́n dá Crawford lẹ́bi, ṣùgbọ́n ẹ̀wọ̀n gbére ni wọ́n fún un dípò ikú, èyí tí àwọn tó wà níbẹ̀ kò retí. Àwọn kan bínú sí Houston pé kò gbé ẹjọ́ náà lọ síwájú. Ẹ̀mí oníbàárà rẹ̀ ló gbé lé ìwọ̀n: bí wọ́n bá tún ẹjọ́ náà dá, wọ́n lè dá ikú fún un. Mo gbà pẹ̀lú rẹ̀.

Ní 1935 ó fi Howard sílẹ̀, ó lọ sí New York láti di agbẹjọ́rò àgbà fún NAACP, ẹgbẹ́ tí ń jà fún ẹ̀tọ́ àwọn aláwọ̀ dúdú. Ìdájọ́ kan láti 1896 ló dúró bí òkè níwájú wọn: pé ìjọba lè ya dúdú sọ́tọ̀, kó ya funfun sọ́tọ̀, bí ohun tó fún àwọn méjèèjì bá ti dọ́gba. Irọ́ ni ìdọ́gba yẹn, gbogbo ènìyàn ló mọ̀. Kódà Houston ti gbé kámẹ́rà, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Edward Lovett, wọ́n lọ ya fíìmù àwọn ilé-ìwé aláwọ̀ dúdú ní South Carolina, àwọn ahéré onípákó tí wọ́n ń pè ní ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n báwo ni wọn yóò ṣe fi hàn nílé ẹjọ́, kí adájọ́ má lè sá fún un?

Ìdáhùn Houston ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ mú ilé-ẹ̀kọ́ òfin. Ọgbọ́n pọ̀ nínú rẹ̀. Ìpínlẹ̀ gúúsù kọ̀ọ̀kan ní ilé-ẹ̀kọ́ òfin fún funfun, ọ̀pọ̀ kò ní ọ̀kankan fún dúdú, torí náà kò sí ohun tí wọ́n lè pè ní dọ́gba. Akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ kò pọ̀, wọ́n sì ti dàgbà, ìbẹ̀rù àwọn òbí kò ní pọ̀ bíi ti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Pabanbarì rẹ̀, gbogbo adájọ́ ló ti jókòó sí kíláàsì òfin rí. O kò ní láti ṣàlàyé fún adájọ́ ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ òfin jẹ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Marshall. Donald Murray, aláwọ̀ dúdú tó jáde ní Amherst bíi Houston, fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ òfin Maryland, wọ́n kọ̀ ọ́. Houston àti Marshall jọ rojọ́ náà ní Baltimore ní oṣù Kẹfà, 1935. Adájọ́ pàṣẹ kí wọ́n gbà á, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì fọwọ́ sí i ní 1936. Ilé-ẹ̀kọ́ tí kò fẹ́ Marshall ni Murray fi gboyè ní 1938.

Èyí tó tẹ̀lé e ló dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Lloyd Gaines fẹ́ kọ́ òfin ní Missouri. Ìpínlẹ̀ náà ní àwọn yóò sanwó fún un kó lọ kọ́ ọ ní ìpínlẹ̀ mìíràn. Houston lọ fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ dánra wò ní Howard, níwájú àwọn olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n ń fi ìbéèrè gún un bí adájọ́, kó tó lọ rò ó. Nígbà tó dìde láti sọ̀rọ̀ ní ilé ẹjọ́, adájọ́ kan, McReynolds, yí àga rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí i. Houston ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ. Ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá, 1938, mẹ́fà nínú adájọ́ mẹ́jọ dá a láre: ohun tí Missouri bá fún funfun nílé, kó fún dúdú náà nílé. Gaines fúnra rẹ̀ kò jẹ èrè rẹ̀. Ní oṣù Kẹta, 1939, ó jáde nílé ní Chicago, ẹnikẹ́ni kò sì rí i mọ́ títí dòní.

Missouri sáré dá ilé-ẹ̀kọ́ òfin kan sílẹ̀ fún àwọn aláwọ̀ dúdú ní 1939. Texas náà ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn náà. Nínú èdè wa, ilé ni a fi ṣe ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, ilé-ẹ̀kọ́, àwọn ìjọba wọ̀nyí sì ṣe bí ẹni pé ilé náà ló parí ọ̀rọ̀: wọ́n rẹ́ǹtì yàrá, wọ́n kọ pátákó, wọ́n ní ó ti dọ́gba.

Houston ti padà sí Washington ní 1938 láti bá bàbá rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ó jà fún àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ ojú irin tí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ń yà sọ́tọ̀, ó borí ní 1944; ó jà fún àwọn tí wọn kò jẹ́ kó ra ilé ní àdúgbò funfun, ó borí ní 1948. Marshall ló wá ń darí ẹjọ́ àwọn ilé-ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ Texas tó gbé dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní 1950, ọwọ́ Houston ni mo rí nínú rẹ̀. Heman Sweatt, tó ń pín lẹ́tà nílùú Houston (ìlú náà àti Charles wa kò bára tan), fẹ́ kọ́ òfin ní yunifásítì Texas. Àwọn adájọ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ti funfun ní olùkọ́ àṣekúnjú 16, àwọn mẹ́ta mìíràn tó ń yà wá, akẹ́kọ̀ọ́ 850, ìwé tó lé ní 65,000, ìwé ìròyìn òfin, àti ibi tí akẹ́kọ̀ọ́ ti ń fi ẹjọ́ dánra wò. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ṣí ti dúdú, kò ní olùkọ́ tirẹ̀, kò ní olùtọ́jú láíbìrì àṣekúnjú, ìwé tí wọ́n ṣèlérí kò sì tíì dé tán. Kódà lẹ́yìn tí wọ́n tún un ṣe, olùkọ́ márùn-ún, akẹ́kọ̀ọ́ 23 àti ìwé 16,500 ló ní. Wọ́n tún ka ohun tí a kò lè kà: orúkọ tí àwọn olùkọ́ ní, ìrírí àwọn alábòójútó, àti ipò tí àwọn tó ti jáde wà láwùjọ. Gbogbo adájọ́ mẹ́sàn-án pátá ló ní kí Texas gba Sweatt wọlé.

Ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, 1950, ni ìdájọ́ náà jáde. Houston kò gbọ́ ọ. Ọkàn rẹ̀ ti ń dà á láàmú láti ọdún tó ṣáájú, ó sì kú ní ọjọ́ 22 oṣù Kẹrin ní ilé ìwòsàn Freedmen's ní Washington, ní ẹni ọdún 54. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin kò tíì pé ọdún méje. Ní 1954, nígbà tí Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ fòpin sí ìyàsọ́tọ̀ ní àwọn ilé-ìwé ìjọba, Marshall àti Oliver Hill wà láàárín àwọn agbẹjọ́rò tó jà á, bákan náà ni Spottswood Robinson, tó gboyè ní Howard ní 1939. Ilé ńlá tó wà láàárín ilé-ẹ̀kọ́ òfin Howard lónìí, orúkọ Houston ni wọ́n fi pè é.